Kí Ẹ Tó Gbé Ojú Síwájú Lésà: Ohun Tó Lè Ṣe, Ohun Tí Kò Lè Ṣe àti Ewu Inú Rẹ̀

Àwọn tó ń lo awò ojú ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ti ń gbọ́ nípa lésà báyìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí ìpolówó àwọn ilé ìwòsàn Èkó ń bá pàdé lórí fóònù wọn, tí wọ́n sì ń ka ìlérí pé ènìyàn yóò wọlé pẹ̀lú awò, yóò sì jáde láìsí i. Ìlérí náà kì í ṣe irọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tí ìpolówó kì í sábà sọ ni pé ọjọ́ tí wọ́n bá wọn ojú ṣe pàtàkì ju ọjọ́ tí wọ́n bá fi lésà kàn án lọ, àti pé dókítà tó bá sọ fún ènìyàn pé ojú rẹ̀ kò yẹ fún iṣẹ́ yìí ti ṣe é lóore ńlá. Ẹni tó ń gbèrò rẹ̀ ni mo kọ àlàyé yìí fún, àti òbí tàbí ọkọ tàbí aya tí yóò bá a gbé owó kalẹ̀.

Lésà kan kọ́ ni gbogbo lésà

Nígbà tí ẹnì kan bá sọ ní Ṣágámù pé wọ́n ṣe lésà sí ojú bàbá òun, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ohun mìíràn pátápátá ló ń sọ. Lésà kan wà tí wọ́n fi ń dín ìfúnpá inú ojú kù fún ẹni tó ní glaucoma, ìyẹn àrùn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Òmíràn wà fún awọ ẹ̀yìn ojú tí àtọ̀gbẹ ti bà jẹ́. Òmíràn sì wà tí wọ́n fi ń la awọ tó bá ṣú sínú ojú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ cataract, ìyẹn dígí inú ojú tó ṣú. Àìsàn ni gbogbo ìwọ̀nyí ń tọ́jú. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín, tí wọ́n ń pè ní LASIK, PRK tàbí SMILE, kì í wo àìsàn kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó yí ìrísí iwájú ojú padà, kí ẹni tó ń lo awò lè máa ríran láìlò ó, tàbí kí ó máa lo èyí tó fúyẹ́. Bí cataract bá ti bo ojú Bàbá, LASIK kọ́ ló kàn. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ dígí inú ojú tó ti ṣú, tí wọ́n sì ń fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀, ni. Bí glaucoma bá sì ti jẹ nínú ìríran ènìyàn, kò sí lésà tó lè dá èyí tó ti lọ padà, ẹni tó bá sì ní òun lè dá a padà, owó ló fẹ́ gbà.

Kọ́níà ni awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú. Kò nípọn ju bí ìdajì mìlímítà lọ, síbẹ̀ òun ló ń ṣe nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣẹ́ kíkó ìmọ́lẹ̀ jọ kí ó lè balẹ̀ sórí awọ ẹ̀yìn ojú. Fún ẹni tí kò rí òkèèrè, ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé kí ó tó dé ẹ̀yìn, nítorí náà lésà yóò fá àárín kọ́níà kí ó lè tẹ́jú díẹ̀ sí i. Nínú LASIK, oníṣẹ́ abẹ yóò kọ́kọ́ gé ìdérí tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò já tán, yóò ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, lésà yóò fá ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì dá ìdérí náà padà sáyè rẹ̀ láìrán án. Nínú PRK, tí FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní ọdún 1995, kò sí ìdérí: awọ òkè pátápátá ni wọn yóò ká kúrò, lésà yóò ṣiṣẹ́, awọ náà yóò sì tún hù fúnra rẹ̀. SMILE ló dé kẹ́yìn, àjọ kan náà fọwọ́ sí i ní ọdún 2016. Lésà yóò gé ègé tín-ín-rín kan sínú kọ́níà, wọn yóò sì fa ègé náà jáde gba ojú ihò kékeré. Èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣe, ohun tí wọ́n bá ti fá kúrò tàbí tí wọ́n bá ti yọ kò tún padà sáyè mọ́ láéláé.

Ohun tí ẹ lè retí

Ẹ má ṣe retí ojú tó pé pérépéré. Ẹ retí ojú tí kò gbára lé awò bíi ti tẹ́lẹ̀. Nínú ìwádìí tí FDA ṣe lórí àwọn tó ṣe LASIK, ó ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó ní ìríran àwọn tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ìwádìí yìí kan náà fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ohun tó tó ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí nǹkan kan kò yọ ìríran wọn lẹ́nu tẹ́lẹ̀ ni ó ti rí ó kéré tán ohun àjèjì kan lójú ara wọn, bóyá òrùka ìmọ́lẹ̀ tó yí iná ká, bóyá ìmọ́lẹ̀ tó ń fọ́n ká, bóyá nǹkan tó ń dà bí méjì. Òrùka yìí ló wọ́pọ̀ jù, ó bá tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ní i rí. Ojú gbígbẹ bá tó ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ojú wọn kò gbẹ tẹ́lẹ̀. Àwọn tí irú nǹkan báyìí dí lọ́wọ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn gan-an kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wá rí i pé ohùn méjèèjì ló jẹ́ òtítọ́: ọ̀pọ̀ ènìyàn dunnú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dunnú náà sì ń fara da nǹkan kékeré kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun kékeré yìí kì í wúwo bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ọ̀rẹ̀ lóru, tí tírélà ń tan iná gíga sí i lójú, yóò mọ̀ ọ́n lára ju olùkọ́ tó ti ń wà nílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bákan náà ni ojú gbígbẹ yóò yọ ẹni tó ń dín gààrí nínú èéfín lẹ́nu ju akọ̀wé lọ, bí ọyẹ́ bá sì dé, tí afẹ́fẹ́ gbẹ tí eruku ń fẹ́, akọ̀wé náà yóò wá omi ojú tí wọ́n ń kán. Ìdí tí ojú fi ń gbẹ ni pé gígé ìdérí a máa gé àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń sọ fún ojú pé kí ó sun omi jáde. Àwọn iṣan náà ń hù padà, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń balẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí tiwọn kì í lọ tán. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń gbẹ kí ó tó lọ ni kí ó ṣọ́ra jù.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì gbọ́ jùlọ, nítorí náà mo fẹ́ dúró lé e díẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọdún, dígí àdánidá inú ojú a máa le, kò sì ní lè yí ara rẹ̀ mọ́ láti wo ohun tó wà nítòsí. Lésà kò kan dígí yìí rárá. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá aránṣọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 44, tó ń lo awò mínọ́ọ̀sì 3, ìyẹn awò ẹni tí kò rí òkèèrè. Tí ó bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, yóò bọ́ awò náà sílẹ̀, yóò gbé abẹ́rẹ́ sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 33 sí ojú rẹ̀, ihò abẹ́rẹ́ yóò sì hàn kedere, nítorí ibi tí ojú tó jẹ́ mínọ́ọ̀sì 3 ti ń ríran jù láìsí awò nìyẹn. Bí wọ́n bá fi lésà tún ojú méjèèjì ṣe fún òkèèrè, yóò máa dá ènìyàn mọ̀ láti òdìkejì títì, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó ń rí tẹ́lẹ̀ yóò di ohun tí kò rí mọ́ àfi pẹ̀lú awò ìkàwé. Bí wọ́n bá ṣàlàyé èyí fún un dáadáa, yóò béèrè pé, “Dókítà, ṣé mo wá ń fi awò kan pààrọ̀ awò mìíràn ni?” Dókítà tó jẹ́ olóòótọ́ yóò dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà, bí iṣẹ́ yín ṣe rí yìí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni.” Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà tún ojú kan ṣe fún òkèèrè, tí wọ́n sì ń fi ìkejì sílẹ̀ fún ìtòsí. Àwọn kan gbádùn rẹ̀, ó sì ń mú orí àwọn mìíràn fò. Kí ẹnikẹ́ni tó gbà á, kí ó ní kí wọ́n fi lẹ́ǹsì, awò kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, dán an wò lójú òun fún ọjọ́ díẹ̀, nítorí lẹ́ǹsì ṣeé yọ, lésà kò ṣeé yọ.

Ọjọ́ ìwọn-ojú

Ẹni tó ń lo lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ dá a dúró kí ó tó lọ fún àyẹ̀wò, nítorí lẹ́ǹsì a máa tẹ kọ́níà, ohun tí ẹ̀rọ bá sì wọ̀n nígbà náà kì í ṣe ìrísí ojú gan-an. Ìmọ̀ràn FDA ni pé kí àwọn tó ń lo lẹ́ǹsì rírọ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí àwọn tó ń lo èyí tó le ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá dúró fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí èyí tó le pátápátá sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́ǹsì aláwọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè ń rà fún fáàrí náà wà lára rẹ̀, kódà bí kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ẹ má tijú.

Ní ọjọ́ náà, wọn yóò wọn nọ́ńbà awò yín lẹ́ẹ̀mejì, ṣáájú àti lẹ́yìn oògùn tó ń mú kí ọmọlójú fẹ̀ sí i, nítorí náà ẹ má wa ọkọ̀ lọ. Wọn yóò wọn bí kọ́níà ṣe nípọn tó, wọn yóò ya àwòrán bí ó ṣe tẹ̀, wọn yóò wo omi ojú, ìfúnpá inú ojú àti awọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwòrán kọ́níà yẹn ni ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò. Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bí ẹnì kan bá ní keratoconus, ìyẹn àrùn tó ń mú kí kọ́níà máa tín-ín-rín kí ó sì máa yọ gongo síwájú. Àwọn tí ojú máa ń yún gan-an láti kékeré, tí wọ́n sì máa ń fi ọwọ́ ra á kíkankíkan, ni ó yẹ kí ó ronú nípa èyí jù. Bí wọ́n bá fi lésà fá irú kọ́níà bẹ́ẹ̀, ó lè máa wú síwájú lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, títí awò kò fi ní ràn án lọ́wọ́ mọ́, tí ọ̀rọ̀ fi lè di kí wọ́n máa wá kọ́níà ẹlòmíràn fi rọ́pò.

Ẹ kò nílò láti jẹ́ dókítà kí ẹ tó lè ṣe ìṣirò tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Máíkírọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń wọn kọ́níà, ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ni mìlímítà kan, kọ́níà púpọ̀ sì wà láàárín 500 sí 600. Ti àwa aláwọ̀ dúdú a máa tín-ín-rín díẹ̀ sí i bí a bá kó o jọ. Ká sọ pé ti ẹnì kan jẹ́ 500, awò rẹ̀ sì jẹ́ mínọ́ọ̀sì 8. Ìdérí LASIK yóò gba nǹkan bí 110. Lésà yóò fá nǹkan bíi 15 fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 120. Ohun tó kù lábẹ́ jẹ́ 270. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kì í jẹ́ kí ó dín sí ni 250, àwọn tó ṣọ́ra sì fẹ́ kí ó tó 300. Ẹni yìí wà létí bèbè, ó sì yẹ kí wọ́n sọ fún un pé kí ó wo PRK, tàbí dígí kékeré tí wọ́n ń fi sínú ojú láìfá ohunkóhun, tàbí kí ó kàn máa lo awò rẹ̀ lọ. Ẹ béèrè nọ́ńbà mẹ́ta yìí fún ojú kọ̀ọ̀kan yín: bí kọ́níà ṣe nípọn tó, iye tí wọn yóò fá, iye tí yóò kù. Ibi tí wọn kò bá ti lè dá yín lóhùn kedere, ẹ gbé àpò yín.

Àwọn mìíràn wà tí kò yẹ kí ó ṣe é rárá tàbí tí ó yẹ kí ó dúró ná. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ṣe é, ẹni tí nọ́ńbà awò rẹ̀ ṣì ń yí lọ́dọọdún kò tíì tó o ṣe, bẹ́ẹ̀ ni aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn, nítorí nọ́ńbà ojú wọn lè yí fúngbà díẹ̀. Àtọ̀gbẹ tí kò sí ní ìkáwọ́, àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà bíi lupus, àìlágbára ara láti bá kòkòrò àrùn jà, àti àrùn herpes tó ti wọ ojú rí, gbogbo wọn lè mú kí ọgbẹ́ ojú má jinná bó ṣe yẹ. Ẹ dárúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan oògùn irorẹ́ isotretinoin. Bí ojú ọgbẹ́ yín bá máa ń wú tí ó sì máa ń le, ẹ sọ èyí pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ glaucoma, pàtàkì fún wa

Glaucoma wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá inú ojú ń tẹ kọ́níà ni. Bí kọ́níà bá ti tín-ín-rín lẹ́yìn lésà, ẹ̀rọ náà yóò kà á pé ìfúnpá kéré ju bí ó ṣe jẹ́ lọ. Ní ogún ọdún sí i, ẹni náà lè lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n sọ fún un pé ojú rẹ̀ dára, kí glaucoma sì ti máa jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹ óò ṣe kò le. Kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, ẹ gba ìwé tó ní nọ́ńbà awò yín, bí kọ́níà ṣe nípọn tó, bí ó ṣe tẹ̀, àti ìfúnpá inú ojú. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù, ẹ fi ẹ̀dà kan sílé. Gbogbo dókítà ojú tí ẹ bá tún bá pàdé, yálà ní Èkó tàbí ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ṣágámù, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé ẹ ti ṣe lésà. Ìwé yìí kan náà ni wọn yóò fi ṣírò dígí tí wọn yóò fi sójú yín bí ọjọ́ cataract bá dé. Bí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ní glaucoma, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ àti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e

Ẹ ó wà lójúfò. Oògùn tí wọ́n bá kán sí i ni yóò pa ojú, tí ẹ kò fi ní mọ ìrora. Ẹ ó kàn mọ̀ pé nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìríran yóò ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀, òórùn bí ẹni pé irun ń jóná sì lè kọlu imú yín. Lésà fúnra rẹ̀ kì í sábà pé ìṣẹ́jú kan lójú kan. Ẹ má ṣe padà sí Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ náà bí ẹ bá ní ará ní Èkó, nítorí wọn yóò fẹ́ rí yín láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún sí méjìdínláàádọ́ta. Ẹ mú ẹnì kan dání, ẹ má gun ọ̀kadà. LASIK a máa ta, yóò máa yún, yóò sì máa sun omi fún wákàtí bíi mélòó kan. Ti PRK ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìrora rẹ̀ lè gba ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ìríran sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó là dáadáa. Ẹ má ṣe bẹ̀ kí wọ́n fún yín ní oògùn ìpa-ojú náà lọ sílé, nítorí lílò ó léraléra a máa ba kọ́níà jẹ́.

Ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan ojú. Ìdérí LASIK kì í lẹ̀ padà bí ó ṣe le tẹ́lẹ̀ rí, fífi ọwọ́ ra á lẹ́ẹ̀kan lóru lè sún un kúrò, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fún ènìyàn ní ìbòjú láti fi sùn. Mùsùlùmí tó ń ṣe àlùwàlá kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ àti lọ́wọ́ alùfáà rẹ̀ bí yóò ṣe fi ọwọ́ tútù nu ojú láìda omi sí i. Tìróò àti àtíkè ojú kí ó dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, odò àti adágún ìwẹ̀ fún oṣù kan sí méjì, bọ́ọ̀lù àti eré ìfigagbága fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Omi ọyàn, omi àgbo àti omi ṣúgà kò gbọdọ̀ kan án lọ́jọ́kọ́jọ́, àgbàlagbà yòówù tí ó bá wá fi ìfẹ́ gbà yín ní ìmọ̀ràn. Oògùn ojú tí kẹ́míìsì bá ń tà láìsí ìwé dókítà náà léwu, nítorí òmíràn nínú wọn ní sítẹ́rọ́ọ̀dù tó lè gbé ìfúnpá inú ojú ga.

Nítorí èyí, mo máa ń rọ àwọn tó fẹ́ “dé Ojúde Ọba láìsí awò” pé kí wọ́n wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ kẹta Iléyá kò ṣe é fi sí ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn lésà: eruku ẹṣin wà níbẹ̀, èéfín ìbọn wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ tí ẹ jọ wọ aṣọ yóò sì fẹ́ dì mọ́ yín kí wọ́n sì fi ọwọ́ pa yín lójú kí wọ́n tó ya fọ́tò. Ẹ ṣe é oṣù mẹ́ta ṣáájú, tàbí kí ẹ dúró di ìgbà tí ọyẹ́ bá ti lọ.

Bí ojú bá pọ́n sí i dípò kí ó dín, bí ìrora bá ń le sí i, bí ìríran bá ń burú sí i láti ọjọ́ dé ọjọ́, tàbí bí nǹkan bá gbá ojú lẹ́yìn LASIK, kódà lẹ́yìn ọdún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọrí sí lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ béèrè nọ́ńbà fóònù tí ẹ lè pè lóru kí ẹ tó san owó.

Bí nọ́ńbà kékeré kan bá ṣẹ́ kù, wọn kì í yára fi lésà kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Wọn yóò dúró fún oṣù bíi mélòó kan títí nọ́ńbà náà kò fi ní yí mọ́, wọn yóò sì tún wọn kọ́níà láti mọ̀ bóyá ó kù tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìfọwọ́sí yín, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹni tí yóò sanwó ìkejì yìí àti iye oṣù tí ìlérí náà yóò fi wúlò.